Àkúdàáyà tí Ìyàwó Rẹ̀ Mọ̀: Ìfẹ́, Ẹ̀rù àti Àṣírí nínú Fíìmù Aníkúlápó

Ìfáàrà

Bí òkú bá ti dìde nínú fíìmù Yorùbá, orúkọ méjì ni àwọn onílámèyítọ́ máa ń tètè fún un. Àwọn kan á pè é ní fíìmù idán, wọn á sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ohun tí àwọn tó fẹ́ràn oògùn àti ọfọ̀ ń wò. Àwọn mìíràn á pè é ní fíìmù ìṣẹ̀ǹbáyé, wọn á wá máa yẹ aṣọ, ilé àti ohun èlò inú rẹ̀ wò bóyá wọ́n bá ìtàn mu. Orúkọ méjèèjì ni wọ́n fún Aníkúlápó, fíìmù tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Ṣọlá Dáda kọ ìtàn rẹ̀, tí ó sì jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022. Ohun tí kò wọ́pọ̀ nínú àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé ni kí wọ́n kà á sí ohun tí ó jẹ́ gan-an, ìyẹn ìtàn ẹ̀rù nípa ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí ilé wọn sì dàrú.

Àwọn òǹwòran kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà jáde, ọ̀rọ̀ ẹyẹ àkàlà àti ti Ọ̀yọ́ ilé kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ṣé Àrólàkẹ́ jàre àbí ó jẹ̀bi? Ṣé Sàró fẹ́ràn rẹ̀ rí? Àpilẹ̀kọ yìí gbà pé ìbéèrè àwọn òǹwòran ló tọ̀nà jù, ó sì fẹ́ tẹ̀ lé e dé ibi tí ó lè mú ni dé nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Èrò rẹ̀ ni pé Aníkúlápó jẹ́ ẹ̀dà ìtàn àkúdàáyà tí gbogbo Yorùbá mọ̀, àmọ́ tí a yí ojú rẹ̀ padà. Nínú ìtàn àkúdàáyà, ìyàwó kì í mọ̀ pé òkú ni ọkọ òun. Nínú Aníkúlápó, ìyàwó mọ̀. Ìmọ̀ yẹn ni ìfẹ́ wọn, òun náà sì ni ẹ̀rù tó wà nínú fíìmù náà.

Ìtàn náà ní ṣókí

Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ tó wá iṣẹ́ ajé wá sí Ọ̀yọ́. Awarun, amọ̀kòkò tó gbajúmọ̀ tó sì lówó lọ́wọ́, ló kọ́kọ́ gbà á sílé. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe Awarun. Obìnrin náà dàgbà jù ú lọ, ó sì sọ ọ́ di àlè rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú Sàró fi lọ sára Àrólàkẹ́, àbíkẹ́yìn nínú àwọn olorì Aláàfin, ẹni tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe. Ààfin kò rọ Àrólàkẹ́ lọ́rùn. Àwọn olorì àgbà ń ni ín lára, ọkọ tí ó ní, tí Táíwò Hassan ṣe, sì tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin òun àti ahunṣọ.

Àṣírí wọn tú. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Sàró, ó sì kú. Nínú igbó ni ẹyẹ àkàlà ti bà lé e, tí ó fi agbára tó wà nínú àdó kan jí i dìde. Àrólàkẹ́ wà níbẹ̀, ó gba àdó náà lọ́wọ́ ẹyẹ náà. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀ ni Sàró ti ń jí òkú dìde, tí ó ń gbowó, tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, tí wọ́n sì ń pè é ní Aníkúlápó. Àrólàkẹ́ kò rí ọmọ bí. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó obìnrin mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí ọmọkùnrin ọba ìlú náà kú, Sàró ní àfi bí ọba bá fún òun ní ọmọbìnrin rẹ̀ láti fi ṣaya kí òun tó jí òkú náà. Àrólàkẹ́ ti sọ agbára inú àdó di òfo. Sàró pe òkú, òkú kò jẹ́. Òun náà sì kú, ikú tí kò ní àkàlà.

Bí ẹ̀rù ṣe ń wọ ilé tọkọtaya

Kì í ṣe Aníkúlápó ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rù sínú yàrá tọkọtaya nínú fíìmù Nàìjíríà. Ní ọdún 1992 ni Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Kenneth Nnebue ló gbé e jáde, ẹni tó ti ń náwó sí fíìmù àgbéléwò Yorùbá ṣáájú ìgbà náà. Nínú fíìmù yẹn, Andy fi ìyàwó rẹ̀, Merit, ṣètùtù ọlà, iwin Merit sì ń yọ sí i káàkiri títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ìlànà tí fíìmù yẹn fi lélẹ̀ rọrùn: ọkọ da ìyàwó, ìyàwó kú, ìyàwó padà wá. Òkú ni onídàájọ́.

Túndé Kèlání gbé ọ̀nà mìíràn gbà nínú Thunderbolt: Magun, tó jáde ní 2001, tí a mú láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Yinka jẹ́ Yorùbá, Ngozi ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Ìfura wọ ọkàn Yinka, ó sì lé mágùn sí ìyàwó rẹ̀ lára. Kò sí iwin kankan nínú fíìmù yìí. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé ara obìnrin ti di pakuté láìjẹ́ pé ó mọ̀, àti pé ẹni tó dẹ pakuté náà ni ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ọkùnrin tó bá fẹ́ gbà á là gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Kèlání kò tọ́ka sí ayé òkú bí ibi tí ewu ti ń wá. Inú àìgbẹ́kẹ̀lé ló ti fà á yọ.

Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ti tọ ọ̀nà yìí rí nínú Araromire, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí The Figurine, ní 2009. Ọ̀rẹ́ méjì rí ère òrìṣà kan nígbà tí wọ́n ń sin ilẹ̀ baba wọn, ọdún méje oríire tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àjálù bẹ̀rẹ̀. Àárín àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ni Mona wà: ọ̀kan fẹ́ ẹ níyàwó, èkejì fẹ́ràn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí fíìmù náà yóò fi parí, kò dá òǹwòran lójú mọ́ bóyá òrìṣà ló ń jà tàbí owú. Ìyẹn ni ọgbọ́n Araromire. Ó jẹ́ kí ẹ̀rù ní ìtumọ̀ méjì.

Aníkúlápó kò fi ìtumọ̀ méjì sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbára. Àkàlà wà, àdó wà, òkú ń dìde ní tòótọ́. Ohun tí kò dáni lójú níbẹ̀ ni ìfẹ́. Bí a bá to àwọn fíìmù mẹ́rin yìí lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé ìbéèrè ń yí padà. Living in Bondage ń béèrè pé kí ni owó lè mú ọkọ ṣe sí aya. Magun ń béèrè ohun tí ìfura lè mú un ṣe. Araromire ń béèrè ẹni tó yẹ kí a gbà gbọ́. Aníkúlápó ń béèrè èyí tó le jù: bí obìnrin bá fún ọkùnrin ní ẹ̀mí, kí ni ọkùnrin náà jẹ ẹ́?

Àkúdàáyà tí ìyàwó mọ̀

Ìtàn àkúdàáyà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹni tí kò tíì lo ọjọ́ rẹ̀ tán kú ní ìlú kan, ó sì lọ ń gbé ìlú mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ná ọjà, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Ìyàwó kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ará ìlú rẹ̀ dé, ó rí i, ó pariwo orúkọ rẹ̀, ọkọ sì pòórá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ìtàn náà, ìyàwó á kó ọmọ lọ sí ìlú tí ọkọ rẹ̀ ń dárúkọ, àwọn ẹbí ọkọ á sì fi sàréè hàn án. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ìtàn náà wà. Kì í ṣe pé òkú ń rìn, bí kò ṣe pé ènìyàn lè bá ẹnìkan sùn fún ọdún púpọ̀ kí ó má mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ètò ìtàn yìí gan-an ló wà nínú Aníkúlápó. Sàró kú ní Ọ̀yọ́. Ó ń gbé ìlú mìíràn. Ó ní aya, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lówó. Bí ará Ọ̀yọ́ bá rí i níbẹ̀, àkúdàáyà ni yóò pè é. Ṣùgbọ́n Afọláyan àti Dáda mú òpó kan kúrò nínú ilé náà, wọ́n sì gbé e sí ibòmíràn. Ìyàwó ló rí òkú. Ìyàwó ló rí ẹyẹ. Ìyàwó ló mọ ibi tí èémí ọkọ rẹ̀ ti wá.

Ìyípadà yìí ní àbájáde mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó lè tú Sàró láṣìírí àfi Àrólàkẹ́. Àjèjì láti ìlú rẹ̀ ni àkúdàáyà máa ń sá fún. Inú ilé Sàró ni ẹni tó lè fòpin sí i wà, ó ń se oúnjẹ fún un. Èkejì, àṣírí tí wọ́n jọ mọ̀ ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Tọkọtaya tí kò ní ẹbí nítòsí, tí kò sí ìdána tàbí ìyàwó ilé tó rí wọn wọlé, kò ní ẹlẹ́rìí kankan sí ìgbéyàwó wọn ju òkú tó jí lọ. Bí Sàró ṣe ń di gbajúmọ̀, àṣírí náà ń di òwò, ohun tó jẹ́ ti ẹni méjì sì ń di ti ọjà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀rù kò nílò òkùnkùn. Nínú ìtàn àkúdàáyà, ẹ̀rù ń dúró de ìgbà tí òtítọ́ yóò yọ. Nínú fíìmù yìí, òtítọ́ ti wà lójú láti ìdajì ìtàn, òǹwòran sì ń wo bí ẹni tó jẹ gbèsè ṣe ń gbàgbé gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbàgbé yìí ni iṣẹ́ òṣèré gbé yọ jù. Kúnlé Rẹ̀mí kò ṣe Sàró bí ìkà. Ó ṣe é bí ẹni tí orí rẹ̀ máa ń bá rìn, tí ó sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí. Bímbọ́ Adémóyè sì ń dákẹ́ sí i bí ìtàn ṣe ń lọ. Olorì tó ń dá ara rẹ̀ láre ní ààfin di obìnrin tó ń wo ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó dẹ́rù ba Sàró, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ.

Ta ló ni àdó?

Orúkọ fíìmù náà yẹ ní wíwò. A-ní-ikú-ní-àpò: ẹni tó fi ikú sínú àpò ara rẹ̀. Orúkọ yìí ti lókìkí láti ìgbà tí Fẹlá ti fi rọ́pò Ransome nínú orúkọ rẹ̀, ohun tí ó sì ń sọ ni pé kò sí ẹlòmíràn tó lè pa ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ yìí ki Sàró, irọ́ ni wọ́n ń pa láìmọ̀. Ikú kò sí nínú àpò rẹ̀. Àrólàkẹ́ ló gba àdó lọ́wọ́ àkàlà, òun ló fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ oríkì náà gba iṣẹ́ obìnrin, ó fi fún ọkùnrin, gbogbo ìlú sì ń pariwo rẹ̀.

Ìtàn àbáláyé kan wà tó lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín dáadáa ju ìtàn ìfẹ́ lásán lọ. Ìtàn náà ni ti ọdẹ tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó sì lọ sí ọjà. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́, ó fi fẹ́ obìnrin náà. Àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń so ó mọ́ Ọya. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn: kí ọkọ má sọ àṣírí aya fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyálé fún ọkọ ní ọtí, ó sọ ọ́, wọ́n sì fi ń bú obìnrin náà. Ó wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ìwo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àpẹẹrẹ ìtàn náà hàn gbangba nínú Aníkúlápó: àṣírí láàrin ẹni méjì, orogún tó wọlé, àdéhùn tó bàjẹ́, obìnrin tó gba agbára rẹ̀ padà. Àwọn tó ń bú Àrólàkẹ́ pé ó fi owú ba ilé jẹ́ gbàgbé pé ìtàn Yorùbá kò dá obìnrin ẹfọ̀n lẹ́bi rí. Ẹni tó tú àṣírí ló jẹ̀bi. Yorùbá ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àrólàkẹ́ kọjá ọ̀rọ̀ orogún. Ìdánwò tó yẹ kí a fi wọn Sàró ni ìdánwò ọdẹ: kí ló fi ohun tí aya rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́ ṣe?

Ìyàtọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ wúwo lórí ìwọ̀n. Awọ obìnrin ẹfọ̀n jẹ́ tirẹ̀. Àdó kì í ṣe ti Àrólàkẹ́, ti ẹyẹ ni. Ó gbà á ni. Nítorí náà, ìgbésí ayé tuntun tí àwọn méjèèjì ń gbé dúró lórí ohun tí a gbà lọ́wọ́ olóhun, fíìmù náà kò sì béèrè lọ́wọ́ Àrólàkẹ́ bí ó ti béèrè lọ́wọ́ Sàró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọba tó kú. Nígbà tí Àrólàkẹ́ sọ àdó di òfo, kì í ṣe ọkọ rẹ̀ nìkan ló fìyà jẹ. Ìyá kan wà nínú ààfin yẹn tí kò rí ọmọ rẹ̀ gbà padà, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Obìnrin tó mọ̀ bí àìrọ́mọbí ti ń dunni ni ó fi ọmọ obìnrin mìíràn sílẹ̀ nínú ikú. Ibí yìí ló yẹ kí fíìmù náà ti dúró pẹ́. Ó kọjá rẹ̀ kíákíá, nítorí ojú rẹ̀ ti wà lára ìṣubú Sàró.

Ọmọbìnrin ọba gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀yà

Kókó tí lámèyítọ́ fíìmù yìí kò gbọ́dọ̀ fò ni ohun tí Sàró béèrè lọ́wọ́ ọba. Ilẹ̀ wà, ẹrú wà, owó wà. Ọmọbìnrin ló béèrè. Ẹni tó bá rántí bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ yóò rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Obìnrin tí a fún ọkùnrin alágbára láìsí pé ìfẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni Sàró bá ní ààfin Ọ̀yọ́. Òun ló fi ìfẹ́ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, tàbí ó kéré tán, ohun tí àwọn méjèèjì gbà gbọ́ nìyẹn. Ní òpin ìtàn, Sàró fẹ́ kí wọ́n fún òun ní obìnrin bákan náà. Ó ti di ọba tó sá fún.

Bí a bá tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀, àpẹẹrẹ náà kò yí padà. Awarun gbà á sílé, ó bá a wá ojú rere, ó fi í sílẹ̀ lọ bá Àrólàkẹ́. Àrólàkẹ́ fún un ní ẹ̀mí, ó fẹ́ fi í sí ẹ̀yìn ọmọ ọba. Obìnrin kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkàsọ̀ kan. Òǹwòran tó bá kẹ́dùn pé ìfẹ́ ńlá bàjẹ́ yóò ní láti bi ara rẹ̀ bóyá ìfẹ́ náà yàtọ̀ sí ti Awarun láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí ikú ni ó kàn jẹ́ kó dà bíi pé ó jinlẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí Àrólàkẹ́ kọ̀ kì í ṣe ìyàwó tuntun nìkan. Àwọn obìnrin mìíràn ti wà ṣáájú, ó sì fara dà á. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi ọmọbìnrin kan san owó òkú ni ó dá a dúró. Bóyá fíìmù náà mọ̀ tàbí kò mọ̀, ó gbé olorì tó sá kúrò ní ààfin kan kalẹ̀ kí ó lè dí ọ̀nà fún ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ́ kó wọ irú ààfin bẹ́ẹ̀. Ìtúmọ̀ yìí kò mú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọba tó kú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó jẹ́ kí owú rẹ̀ ní orúkọ mìíràn.

Òkè-Ògùn àti òfì tí a pa tì

Ọ̀yọ́ ni fíìmù náà ń sọ, Òkè-Ògùn ni ojú ń rí. Igbójàyè ni ilé-iṣẹ́ Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ya Aníkúlápó. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo àgbègbè yẹn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí: koríko gíga, igi emi, igi irúgbá, àpáta tó dá dúró, ojú ọ̀run tó gbòòrò. Kì í ṣe igbó kìjikìji tí fíìmù ẹ̀rù máa ń sá sí. Ẹni tó ń sá lọ nínú ọ̀dàn, ojú ń rí i láti ọ̀nà jíjìn. Èyí bá ìtàn Sàró àti Àrólàkẹ́ mu, àwọn tí ó dà bíi pé wọ́n bọ́, tí wọn kò sì níbi tí wọ́n lè fara pamọ́ sí fún ara wọn.

Yíyan ilẹ̀ náà ní ìtàn lẹ́yìn. Igbóho, tó wà ní Òkè-Ògùn kan náà, ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́ ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọba mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀. Ilẹ̀ yìí mọ ààfin tó ń sá kiri. Ó mọ bí ènìyàn ṣe ń tún ayé bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Fíìmù náà lo ilẹ̀ yẹn fún ẹwà rẹ̀, kò sì dá a lóhùn púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún Sàró tún sún mọ́ ilẹ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ aṣọ òfì bí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, tí wọ́n na òwú rẹ̀ lọ jìnnà síwájú ahunṣọ. Aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àfi kí a gán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó di ẹtù, sányán tàbí àlàárì tí ènìyàn lè dà bora. Iṣẹ́ sùúrù ni, ọjọ́ kan kì í parí rẹ̀.

Àdó mú Sàró kúrò nídìí òfì. Èyí ni ìpàdánù àkọ́kọ́ nínú fíìmù náà, kò sì sí ẹni tó sunkún rẹ̀. Ahunṣọ ni Àrólàkẹ́ fẹ́ràn, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ń pẹ́. Ẹni tó wá ń bá gbé ní ìlú tuntun jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tí èrè rẹ̀ kò sì ní òṣùwọ̀n. Bí àwọn aṣefíìmù bá ti jẹ́ kí òfì náà wà ní igun ilé ní ìlú tuntun, kí eruku máa bò ó, òǹwòran ì bá ti mọ̀ ṣáájú kí obìnrin kejì tó wọlé pé ìgbéyàwó náà ti ń ṣàìsàn.

Ìkádìí

Àléébù Aníkúlápó kò farasin. Apá kejì rẹ̀ ń sáré. Àwọn ọdún tí ìfẹ́ ń gbẹ lọ, tí ó yẹ kó jẹ́ ọkàn ìtàn náà, ni ó gé kúrú, nígbà tí ọ̀ràn ààfin Ọ̀yọ́ gba àyè rẹpẹtẹ. Àìrọ́mọbí Àrólàkẹ́ jẹ́ ìdí tí a fi ń ti ìtàn síwájú ju ìrora tí a gbọ́dọ̀ bá a gbé lọ. Awarun, tó jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn tó lágbára jù ní ìdajì àkọ́kọ́, di ẹni ìgbàgbé. Eré onípele tó jáde ní 2024 láti tẹ̀síwájú ìtàn náà fi hàn pé ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé ohun púpọ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì sọ.

Síbẹ̀, ohun tí fíìmù náà ṣe sí ìtàn àkúdàáyà kò kéré. Láyé àtijọ́, ìtàn yẹn ń kìlọ̀ fún obìnrin pé kó wádìí ọkọ dáadáa, nítorí kò mọ ìlú tó ti wá. Aníkúlápó fún un ní ìmọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn pé ìmọ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ohunkóhun. Àrólàkẹ́ mọ ìlú ọkọ rẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tó kú. Ó mọ ẹyẹ tó jí i. Ohun tí kò mọ̀, tí ẹyẹ kankan kò lè sọ fún un, ni ohun tí ọkùnrin náà yóò fi ẹ̀mí kejì ṣe.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn onílámèyítọ́. Bí a bá ń fi fíìmù bí èyí sí ọ̀wọ́ idán, a ó máa ka iye òkú tó dìde. Bí a bá fi í sí ọ̀wọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé, a ó máa ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn olorì. Ọ̀nà kẹta ni kí a kà á bí ìtàn ilé, kí a sì béèrè ohun tí àwọn ìtàn àbáláyé ti ń béèrè ṣáájú kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó dé ilẹ̀ yìí: àdéhùn wo ló wà láàrin ẹni méjì, ta ló dà á, ta ló sì san owó rẹ̀? Nínú Aníkúlápó, Sàró ló da àdéhùn náà. Òun, Àrólàkẹ́, àti ọmọ ọba tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n jọ san án.